Ìbéèrè yín: Gbogbo irú orin là ń kọ, ṣé ká pààrọ̀ àwọn bàbá tó wà nídìí bass àti dúrọ́ọ̀mù?

Ẹnì kan kọ̀wé sí mi, mo gé e kúrú díẹ̀, ohun tó sọ nìyí:

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́ o. Kíbọ́ọ̀dù ni mò ń tẹ̀ nínú báǹdì kan tó ti wà tipẹ́. Orin olórin la máa ń kọ, a ò ní tiwa. Ìgbéyàwó, hòtẹ́ẹ̀lì, ọjọ́ ìbí, àríyá ọ́fíìsì, ibi tí wọ́n bá pè wá sí la máa ń lọ, kò sì sí irú orin tí a kì í kọ: soul, reggae, rock, country, disco, salsa, jazz díẹ̀. Ọ̀gá wa tó dá ẹgbẹ́ yìí sílẹ̀ ti fẹ̀yìn tì, èmi ni wọ́n fi ṣe olórí báyìí, èmi sì ni mo kéré jù. Wàhálà tó wà nílẹ̀ ni pé àwọn ọ̀dọ́ inú wa ń sọ pé àwọn bàbá méjì tó ń ta bass àti tó ń lu dúrọ́ọ̀mù, tí wọ́n ti wà níbẹ̀ látìbẹ̀rẹ̀, kì í tètè mọ orin tuntun, pé ká wá àwọn tí ọwọ́ wọn yá. Àwọn kan tún ní ká mú irú orin kan ká dúró tì í. Ọ̀gá àtijọ́ náà sì ti ń sọ pé òun fẹ́ máa yọjú wá kọrin pẹ̀lú wa lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan. Kí ni kí n ṣe?"

Àbúrò mi, kú oríire, mo sì tún bá ẹ gbé e díẹ̀, torí kéèyàn máa darí àwọn tó ti wà nídìí iṣẹ́ kó tó dé kò rọrùn rárá. Jẹ́ kí n ti ibi tó gbóná jù bẹ̀rẹ̀: má pààrọ̀ àwọn bàbá méjèèjì yẹn. Mi ò sọ bẹ́ẹ̀ torí àánú, mi ò sì sọ ọ́ torí pé wọ́n dàgbà, ọ̀rọ̀ iṣẹ́ ni mò ń sọ. Gbogbo ohun tí ẹ̀ ń pè ní "a mọ gbogbo irú orin kọ" yẹn, ọwọ́ àwọn méjèèjì ló wà, ẹ̀yin tó kù, àti ìwọ tó ò ń tẹ kíbọ́ọ̀dù, orí iṣẹ́ wọn lẹ dúró lé.

Ó dà bíi pé mo ń bú ẹ àbí? Rárá o. Wò ó báyìí. Ọ̀pọ̀ èèyàn rò pé ohun tó ń jẹ́ kí báǹdì lè ti inú reggae bọ́ sínú disco ni pé akọrin mọ ọ̀rọ̀ orin púpọ̀, tàbí pé onígìtá mọ chord (ohùn mélòó kan tí wọ́n ń tẹ̀ pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà) tó ṣòro. Chord tó wà nínú púpọ̀ nínú àwọn orin tí ẹ̀ ń kọ yẹn, 1, 4, 5 àti 6 minor ni (màá ṣàlàyé nọ́ńbà yẹn nísàlẹ̀), wọ́n kàn ń pààrọ̀ ìjókòó ni. Tí mo bá kó mẹ́rẹ̀ẹ̀rin lé ẹ lọ́wọ́ lórí kíbọ́ọ̀dù, o lè fi wọ́n ṣe country, o lè fi wọ́n ṣe soul, o lè fi wọ́n ṣe reggae, ọwọ́ ẹ ò sì ní kúrò lójú kan. Ohun tó ń sọ ọ́ di èyí tàbí ìyẹn ni ibi tí ìlù ti ń wọlé àti bí ohùn bass ṣe ń pẹ́ tó kí wọ́n tó gé e.

Ka mẹ́rin, ọ̀kan, méjì, mẹ́ta, mẹ́rin. Nínú rock àti soul, orí méjì àti mẹ́rin ni snare, ìlù kékeré tó ń dún ṣákálá yẹn, máa ń bọ́ sí. Nínú disco, ìlù ńlá tí wọ́n ń fẹsẹ̀ tẹ̀ yẹn á máa dún lórí mẹ́rẹ̀ẹ̀rin láìfo ọ̀kan, ìdí nìyẹn tí ẹni tí kò mọ̀jó pàápàá fi máa ń rí ibi gbé ẹsẹ̀ lé. Reggae tí wọ́n ń pè ní one drop tún ni tiẹ̀ lọ́tọ̀, orí mẹ́ta ni ìlù ńlá àti snare ti jọ ń wọlé, wọ́n á fi ọ̀kan sílẹ̀ lófìfo, gìtá á máa já wẹ́ wẹ́ lórí méjì àti mẹ́rin. Salsa ló tún wá le jù fún oníbass, torí kì í tẹ ọ̀kan rárá, ẹ̀yìn méjì díẹ̀ ló ti ń wọlé, á tún wọlé lórí mẹ́rin, á wá fa ìyẹn kọjá lórí ọ̀kan tó ń bọ̀, ẹni tí kò bá mọ̀ ọ́n á rò pé bàbá ti sùn lọ. Blues tó jẹ́ shuffle, ẹ máa gé ọ̀kọ̀ọ̀kan nínú mẹ́rin tí ẹ̀ ń kà sí mẹ́ta, ẹ ó sì fo ti àárín. Jazz náà ń ṣe ohun tó jọ bẹ́ẹ̀ àmọ́ bó ṣe ń yára sí i ni gígé yẹn ń yí padà, kò sí ẹni tó lè fi rúlà wọ̀n ọ́n fún ẹ.

Nígbà tí ẹ bá wá mú ọ̀dọ́ kan tí ọwọ́ ẹ̀ yá, tó ti gbọ́ orin 40 lórí fóònù láàárín ọ̀sẹ̀ kan, tó mọ gbogbo ibi tí orin ti ń dúró àti ibi tó ti ń fò, inú yín á dùn ní ríhásà àkọ́kọ́. Ẹ dúró títí di alẹ́ tí ẹ máa lu reggae mẹ́ta tẹ̀léra, ẹ ó rí i pé rock tó ń rìn jẹ́jẹ́ ló ń lù fún yín. Ó mọ orin náà, kò tíì mọ ìrìn ẹ̀. Àwọn tó wá jó ò ní lè sọ ohun tó fà á, wọ́n á kàn jókòó ni.

Ọ̀rọ̀ bass náà rèé, torí òun làwọn èèyàn kì í kà sí. James Jamerson tó ta bass sínú àìmọye rẹ́kọ́ọ̀dù ilé iṣẹ́ Motown ní Detroit láàárín àwọn ọdún 1960, ìka kan ṣoṣo ló ń fi ta okùn náà, ìka tó tẹ̀lé àtàǹpàkò lọ́wọ́ ọ̀tún, òun fúnra ẹ̀ kì í sì í fẹ́ pààrọ̀ okùn, okùn tó ti gbó tí ohùn ẹ̀ ti kú díẹ̀ ló fẹ́ràn. Kò sí ẹni tó gbọ́ ọ tó máa sọ pé ó lọ́ra. Tí o bá rí bàbá yín tó ń lo ìka kan ṣoṣo, tí kò gbà kí wọ́n pààrọ̀ okùn òun, kí o tó bínú, kọ́kọ́ di ojú kí o tẹ́tí.

Ní ìjáde yín tó kàn, ṣe ohun kan fún mi. Sún mọ́ ibi tí àwọn méjèèjì wà, má wo ọwọ́ ara ẹ. Ibi tí akọrin yín bá ti gbàgbé ẹsẹ kejì tó fò bọ́ sínú ègbè (ó máa ṣẹlẹ̀, kò sí akọrin tí kì í ṣe é), wàá rí i pé igi onídúrọ́ọ̀mù á ti wà lókè kí akọrin tó sọ ọ̀rọ̀ kẹta tán, oníbass á ti yọ ìka níbi tó wà, àwọn méjèèjì á jọ balẹ̀ sójú kan náà lẹ́ẹ̀kan, gìtá á sáré tẹ̀ lé wọn, ìwọ náà á sáré tẹ̀ lé wọn, ará ìta ò ní mọ̀ pé nǹkan kan ṣẹlẹ̀. Wọn ò wo ara wọn o. Èyí tí wọ́n gbọ́ ni mímí akọrin yẹn. Ọdún gbọọrọ tí wọ́n ti fi jókòó pa pọ̀ ló ń ṣe bẹ́ẹ̀, kò sí bí ẹ ṣe máa rí i rà lọ́wọ́ èèyàn méjì tó ṣẹ̀ṣẹ̀ pàdé ara wọn, bí ọwọ́ kálukú wọn tiẹ̀ yá bí iná.

Àwọn ẹgbẹ́ ńlá mọ èyí. Charlie Watts jókòó sídìí dúrọ́ọ̀mù Rolling Stones ní January 1963, kò dìde níbẹ̀ títí tó fi kú ní August 2021. Ẹgbẹ́ yẹn náà, orin olórin ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀, blues àwọn ará Amẹ́ríkà, bẹ́ẹ̀ jazz gan-an ni Charlie fẹ́ràn. Ó ní nǹkan kan tó máa ń ṣe, tó bá fẹ́ lu snare, á gbé ọwọ́ kejì kúrò lórí hi-hat (àwo irin méjì tó kọjú síra wọn), kò ní jẹ́ kí méjèèjì dún pọ̀, olùkọ́ dúrọ́ọ̀mù lè ní kò dáa, àmọ́ ohun tó jẹ́ kí orin wọn máa rìn bó ṣe ń rìn wà nínú ẹ̀. Sly Dunbar àti Robbie Shakespeare ní Jàmáíkà ńkọ́? Dúrọ́ọ̀mù àti bass, látàárín àwọn ọdún 1970 títí tí Robbie fi kú ní 2021. Reggae ni wọ́n ti wá, àmọ́ Grace Jones pè wọ́n, Bob Dylan pè wọ́n, torí ẹni tí dúrọ́ọ̀mù àti bass ẹ̀ bá ti gbọ́ ara wọn yé, ibi gbogbo ló lè wọ̀. Lékan Animashaun tí wọ́n ń pè ní Bàbá Ani náà rèé, tó ń fọn baritone sax. Ó wọ Koola Lobitos Fẹlá ní 1965, ó bá a dé Afrika 70, ó bá a dé Egypt 80, Fẹlá kú ní 1997, Bàbá Ani ṣì bá ẹgbẹ́ náà lọ fún ọ̀pọ̀ ọdún lọ́dọ̀ Ṣeun ọmọ ẹ̀. Ṣé wọ́n ò rí ọ̀dọ́ tó lè fọn sax ni?

Ó dáa, wọ́n kì í tètè mọ orin tuntun. Mo gbà, ọ̀rọ̀ yẹn kì í ṣe irọ́, ó sì lè dá iṣẹ́ dúró tí ìyàwó tuntun bá ti sọ pé orin tó jáde lóṣù tó kọjá lòun fẹ́ fi wọlé. Àmọ́ bi ara ẹ léèrè bí ẹ ṣe ń kọ́ wọn. Mo fẹ́ẹ̀ lè búra pé ohun tí ẹ̀ ń ṣe ni pé ẹ máa dé ríhásà, ẹnì kan á gbé fóònù síta, gbogbo yín á gbọ́ orin náà lẹ́ẹ̀mejì nínú sípíkà kékeré tí kò ní bass kankan nínú, ẹ ó wá ní "ó yá". Báwo ni oníbass ṣe máa gbọ́ iṣẹ́ ẹ̀ nínú fóònù? Fi orin náà ránṣẹ́ sí wọn ní ọ̀sẹ̀ kan ṣáájú, sọ fún wọn kí wọ́n fi headphone gbọ́ ọ, sọ key, ìyẹn ohùn tí ẹ máa fi ṣe do, tí ẹ máa fi kọ ọ́ (kì í ṣe key tó wà nínú rẹ́kọ́ọ̀dù o, tiyín), kí o sì kọ chord gbogbo orin náà sórí bébà kan ṣoṣo, ní nọ́ńbà.

Nọ́ńbà yẹn ṣe pàtàkì. Ní Nashville, láti ìparí àwọn ọdún 1950, nọ́ńbà làwọn tó ń bá èèyàn ṣe rẹ́kọ́ọ̀dù fi ń kọ chord, Neal Matthews tó wà nínú ẹgbẹ́ Jordanaires ló bẹ̀rẹ̀ ẹ̀, Charlie McCoy wà lára àwọn tó mú un tàn ká. Ẹni tó bá ti kọ́ do re mi níléèwé ti mọ ìdajì ẹ̀ lọ́wọ́ kan, do ni 1, fa ni 4, so ni 5, la ni 6. Blues oníbar 12 tó wọ́pọ̀ jù á rí báyìí, nọ́ńbà kọ̀ọ̀kan jẹ́ bar kan, ìyẹn kíka mẹ́rin: 1 1 1 1, 4 4 1 1, 5 4 1 5. Ó tán. Tí akọrin bá ní ọ̀fun òun ń dun òun lálẹ́ yìí, pé kí ẹ sọ ọ́ kalẹ̀, kò sẹ́ni tó máa tún bébà kankan kọ. Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ má gbìyànjú ju orin méjì tuntun lọ ní ríhásà kan, ibi tó le nìkan ni kí ẹ tún ṣe, ìyẹn ibi àbáwọlé, ibi tí ìrìn ti ń yí, àti ìparí. Kò sídìí láti máa kọrin náà láti òkè délẹ̀ nígbà mẹ́wàá. Kí ẹnì kan fi fóònù gba ohùn ríhásà sílẹ̀, kí ẹ fi ránṣẹ́ sí gbogbo èèyàn, torí pé ẹni tó dàgbà máa ń yára kọ́ orin láti ara báǹdì tiẹ̀ ju láti ara rẹ́kọ́ọ̀dù lọ.

Mo tún fẹ́ kí àwọn ọ̀dọ́ yẹn gbọ́ eléyìí, kò pọn dandan kí orin jọ rẹ́kọ́ọ̀dù délẹ̀délẹ̀. Ohun táwọn èèyàn mọ̀ ni àbáwọlé, gìtá tàbí fèrè kékeré tó máa ń padà wá yẹn, bó ṣe yára tó, àti ibi tí gbogbo ilé ti máa ń bá a kọ ọ́. Ẹ fi ọwọ́ gidi mú mẹ́rẹ̀ẹ̀rin yìí, ẹ má yí wọn. Ibi tí onígìtá ti ń dá ta á fún ìgbà pípẹ́ yẹn, kí ó ta tiẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ gbọ́ rẹ́kọ́ọ̀dù, ilé ló máa ti gbọ́ ọ.

Lórí ọ̀rọ̀ pé kí ẹ mú irú orin kan ṣoṣo, mi ò fara mọ́ ọn, ó kéré tán fún ẹgbẹ́ tí ìgbéyàwó àti hòtẹ́ẹ̀lì ń pè. Níbi ìgbéyàwó kan ṣoṣo, ìyá àgbà wà níbẹ̀, ọ̀rẹ́ ọkọ wà níbẹ̀, ọmọ ọdún méje wà níbẹ̀. Orchestre Poly-Rythmo ní Kùtọnu, tí Mélomé Clément dá sílẹ̀ ní 1968, kí ni wọn ò lù? Funk, salsa, afrobeat, soukous, sato tó jẹ́ ìlù ìbílẹ̀ ibẹ̀, ẹgbẹ́ kan náà, olórí kan náà títí tó fi kú ní 2012. Orchestra Baobab ní Dakar, tí wọ́n kó jọ ní 1970 fún kílọ́ọ̀bù kan tó ń jẹ́ Baobab, orin Kúbà pọ̀ nínú iṣẹ́ wọn, àwọn tó wà níbẹ̀ sì wá láti oríṣiríṣi ẹ̀yà. Onígìtá wọn, Barthélemy Attisso, ọmọ Tógò ni, ìwé òfin ló wá kà ní Dakar. Nígbà tí ẹgbẹ́ náà tú ká ní 1987, ó padà sílé lọ ṣe lọ́yà, gìtá wà nílẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún, ìgbà tí wọ́n tún kó ara wọn jọ ní 2001 ló tó tún un kọ́, ó sì ta á débi tí ẹnu fi yà wọ́n. Beatles náà, kí òkìkí wọn tó kàn, orin olórin ni wọ́n fi lo alẹ́ gígùn gígùn ní Hamburg láàárín 1960 sí 1962, àwo àkọ́kọ́ wọn ní 1963 tó ní orin 14, mẹ́fà nínú ẹ̀ kì í ṣe tiwọn. Ẹni tó ní "ẹni tó ń ṣe gbogbo ẹ̀ kì í mọ ọ̀kan" kò tíì gbọ́ Poly-Rythmo rí.

Ibi kan wà tí mo ti máa gbà fún wọn ṣá o. Irú orin tí kò sí ẹnì kankan nínú yín tó ń gbọ́ ọ nílé, tí kò sẹ́ni tó fẹ́ràn ẹ̀, ẹ yọ ọ́. Ó máa ń hàn. Mo ti gbọ́ báǹdì tó dáa gan-an tí jazz wọn kàn dà bí ìjìyà, torí pé ẹnì kan ló sọ pé níbi oúnjẹ jazz ni wọ́n máa ń lu. Soul jẹ́jẹ́ náà á ṣe é, inú àwọn tó ń jẹun á dùn.

Kàkà kí ẹ yọ irú orin, ẹ tún bí ẹ ṣe ń tò wọ́n ṣe. Orin kan máa ń gbà tó ìṣẹ́jú mẹ́rin, tí ẹ bá ní set (ìgbà tí ẹ fi ń lù kí ẹ tó sinmi) mẹ́ta oní 45 ìṣẹ́jú, orin 11 tàbí 12 ló wà nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan, orin bíi 35 ni gbogbo ẹ̀, pẹ̀lú márùn-ún tó wà lápò. Set àkọ́kọ́, èèyàn ṣì ń kíra wọn, ẹ má pariwo, ẹ má kó èyí tó dáa jù dà síbẹ̀. Èyí tó kẹ́yìn ni ti ijó, níbẹ̀, tí ẹ bá ti dé ibi disco tó wà láàárín 115 sí 125 ìlù ní ìṣẹ́jú kan, ẹ má jẹ́ kó já, ẹ so orin mẹ́ta mẹ́rin pọ̀, kí onídúrọ́ọ̀mù má dúró rárá. Ẹ̀ẹ̀kan tí ẹ bá dúró láti máa bi ara yín pé "èwo ló kàn", gbogbo àwọn tó ń jó ti padà sórí àga, ó di kí ẹ tún máa bẹ̀ wọ́n. Orin tó yá jù kò sì gbọ́dọ̀ tẹ̀ lé orin tó lọ́ra jù, ẹ fi ọ̀kan sáàárín.

Key ńkọ́? Èyí, ìwọ gan-an ni mò ń bá wí. Gìtá fẹ́ràn E, A, D, G, torí okùn tó ṣí sílẹ̀. Àwọn tó ń fọn trumpet àti tenor sax fẹ́ràn B flat, E flat, F. Tí ẹ bá mú E torí onígìtá, F sharp oní-sharp mẹ́fà lẹ gbé ka iwájú ẹni tó ń fọn trumpet yẹn, tó bá ń wò yín bí ọ̀tá ẹ má ṣẹ̀bi. Akọrin ló ni ìpinnu, lẹ́yìn náà àwọn tó ń fọn nǹkan, onígìtá á fi capo, ohun tí wọ́n fi ń há ọrùn gìtá kí ohùn lè ga sí i, ṣe é. Ìwọ oníkíbọ́ọ̀dù, jọ̀ọ́, bọ́tìnì transpose tó ń gbé key sókè sódò fún ẹ yẹn, dín in kù. Mo mọ̀ pé ó rọrùn, gbogbo wa la mọ̀. Àmọ́ ọjọ́ tí o bá gbàgbé ẹ̀ sí +3, tí ìwọ ló sì máa bẹ̀rẹ̀ orin tó kàn, tí akọrin ti gba ohùn lẹ́nu ẹ, tí bass àti gìtá wá wọlé ní ibi tí wọ́n mọ̀, ilé á gbọ́ nǹkan. Kọ́ key méjìlá díẹ̀díẹ̀, olórí ni ọ́ báyìí.

Ẹ ní àmì ọwọ́ tí gbogbo yín mọ̀. Èyí táwọn olórin ti ń lò tipẹ́ náà tó: ìka tó dojú kọ òkè jẹ́ sharp, ọ̀kan jẹ́ G, méjì jẹ́ D, mẹ́ta jẹ́ A, ìka tó dojú kọ ilẹ̀ jẹ́ flat, ọ̀kan jẹ́ F, méjì jẹ́ B flat, mẹ́ta jẹ́ E flat. Fífọwọ́ kan orí jẹ́ "ẹ padà síbẹ̀rẹ̀". Ìkúùkù lókè jẹ́ "ibí la ó ti parí ẹ̀". Ó dáa ju kí o máa pariwo lórí kíbọ́ọ̀dù lọ, àwọn bàbá yìí á sì bọ̀wọ̀ fún ẹ sí i torí pé o ń bá wọn sọ̀rọ̀ bí òṣìṣẹ́ ṣe ń bá òṣìṣẹ́ sọ̀rọ̀ níwájú gbogbo èèyàn.

Owó. Ohun tó ń tú ẹgbẹ́ tó ti pẹ́ ká kì í sábà jẹ́ orin. Ọ̀gá yín ń pín owó bó ṣe wù ú nígbà tó wà níbẹ̀, kò sẹ́ni tó bi í torí òun ló dá a sílẹ̀, ìwọ ò ní irú àǹfààní yẹn. Ẹ jókòó, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀: kí ẹ kọ́kọ́ yọ owó ọkọ̀ àti ti ẹ̀rọ, kí ẹni tó ni sípíkà àti máìkì gba tiẹ̀ lọ́tọ̀ (torí òun ló ń tún un ṣe), kí ẹni tó mú iṣẹ́ wá gba díẹ̀, kí ẹ wá pín ìyókù lọ́gbọọgba. Kí gbogbo èèyàn máa rí iye tí oníṣẹ́ san. Ẹ tún kọ ọ́ sílẹ̀ ta ló ni orúkọ ẹgbẹ́ náà, torí ọjọ́ tí méjì bá jáde tí wọ́n sì ń lo orúkọ kan náà, ilé ẹjọ́ ló máa ń kángun sí. Béèrè lọ́wọ́ ọ̀gá àtijọ́ nísinsìnyí tí àárín yín ṣì dán, pé ṣé òun fi orúkọ náà sílẹ̀ fún yín. Kí ẹ sì ní ẹnì kan tó lè gba ipò ẹnì kọ̀ọ̀kan tí ara ẹ̀ ò bá yá, ẹni tó ti ní bébà yín lọ́wọ́. Ibẹ̀ gan-an lẹ ti lè lo àwọn ọ̀dọ́ tí ọwọ́ wọn yá yẹn, kí wọ́n máa wá jókòó ti àwọn bàbá ní ríhásà, wọ́n á kọ́ ìrìn orin lọ́wọ́ wọn.

Nǹkan kan tún wà tí o lè má rò rárá. Tí ẹni tó ti pẹ́ nídìí dúrọ́ọ̀mù bá ń béèrè "kí lẹ ní?" lẹ́ẹ̀mẹta kó tó dáhùn, ẹ lè máa pè é ní ẹni tí kì í tètè mọ nǹkan, kó sì jẹ́ etí ni. NIOSH, àjọ tó ń rí sí ìlera òṣìṣẹ́ ní Amẹ́ríkà, ní èèyàn lè wà nínú ariwo 85 decibel fún wákàtí 8, bó bá ti fi 3 lé sí i, ẹ gé àkókò náà sí méjì, 88 di wákàtí 4, 91 di 2, tó bá dé 100, ìṣẹ́jú 15 péré. Ìdí cymbal máa ń ju ìyẹn lọ dáadáa. Ẹ lọ yẹ etí wọn wò, kí gbogbo yín sì ra ìdíètí tí wọ́n ṣe fún olórin, èyí tó ń dín ohùn kù láìjẹ́ kó dún bíi pé ẹ wà lábẹ́ ìrọ̀rí. Kí ẹ tún gbé sípíkà kékeré kan kọjú sí i, kó máa gbọ́ akọrin dáadáa. Ẹ ṣe ìyẹn ná kí ẹ tó sọ pé ó lọ́ra.

Òfin, kíákíá. Orin olórin lẹ̀ ń kọ, ẹ̀tọ́ ẹni tó kọ ọ́ wà níbẹ̀. Ní Paris ní 1847, ẹnì kan tó ń jẹ́ Ernest Bourget jókòó sí ilé ọtí kan, ó gbọ́ tí wọ́n ń lu orin tóun kọ, ó ní òun ò ní sanwó omi ṣúgà tóun mu níwọ̀n ìgbà tí wọn ò sanwó orin òun, ilé ẹjọ́ dá a láre, láti ara ọ̀rọ̀ yẹn ni wọ́n ti dá SACEM, àjọ tó ń gba owó fún àwọn tó kọ orin, sílẹ̀ ní 1851. Ní ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè lónìí, ẹni tó ni ibi tí ẹ ti ń ṣeré tàbí tó ṣètò eré náà ló máa ń gba àṣẹ lọ́wọ́ irú àjọ bẹ́ẹ̀, ẹ kàn béèrè kí ẹ tó gbé irinṣẹ́ kalẹ̀. Àmọ́ tí ẹ bá gba orin olórin sílẹ̀ láti tà á, àṣẹ mìíràn nìyẹn, ẹ̀yin lẹ máa gbà á.

Ó ku ọ̀gá àtijọ́. Jẹ́ kó wá. Àmọ́ kì í ṣe kó kàn yọ sórí pèpéle nígbà tó bá wù ú. Pè é ṣáájú, fún un ní orin méjì ní set kejì, kì í ṣe ti ìparí, torí tó bá ti gba ìparí, àwọn èèyàn á rò pé òun ṣì ni olórí, akọrin yín á sì bínú. Dán ohùn ẹ̀ wò kí ọjọ́ tó pé, ibi tí ohùn ẹ̀ dé báyìí ni kí ẹ ti kọ ọ́, ẹ lè sọ key kalẹ̀ pẹ̀lú ìlàjì ohùn (semitone) méjì tàbí mẹ́ta, má sọ fún un níwájú èèyàn, kàn kọ ọ́ sórí bébà. Kí o sì sọ fún onídúrọ́ọ̀mù, torí òun ló mọ̀ pé ọ̀gá máa ń sáré tó bá ti rí i pé àwọn èèyàn ń pàtẹ́wọ́.